Ìwé Ṣì Wà Nínú Àpótí

Lọ́dún tó kọjá, mo gba ohùn màmá àgbà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wa. Inú káàdì kékeré tó wà nínú fóònù mi ló wà. Lọ́jọ́ kan mo ṣí i, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa bi mí pé: "Ṣé o yọ ọ́ nígbà tí fóònù ṣì ń kọ nǹkan sí i ni? Ṣé omi kàn án? Ṣé bátìrì kú lójijì?" Rárá ni gbogbo èsì mi. Wọ́n fi káàdì mi sínú fóònù mìíràn, wọ́n fi káàdì mìíràn sínú fóònù mi. Káàdì ló ń ṣe wàhálà. Kí ló bà á jẹ́? Wọn ò mọ̀. Màmá àgbà sì ti lọ.

Níbi tí mo ti ń wá ìdí ẹ̀ kiri ni mo ti ka ìtàn Volusia, ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò ààrẹ ọdún 2000, wọ́n ń kó èsì láti inú káàdì ẹ̀rọ tó ń ka ìbò sínú kọ̀ǹpútà, ni ìbò Al Gore bá dédé já wálẹ̀. Ibùdó kan ṣoṣo, tí olùdìbò ibẹ̀ kò tó 1,000, ló yọ 16,022 kúrò nínú ìbò rẹ̀! Àbí ẹnì kan wà tó ń dìbò ku ìbò ni? Wọ́n tún un ṣe, àmọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méfò títí: bóyá káàdì ló bàjẹ́, bóyá káàdì kejì ló wọlé láti ibi kan náà.

Lọ́dún 2005, ní Leon County, Florida kan náà, Harri Hursti yí inú irú káàdì bẹ́ẹ̀ padà fún ìdánwò. Èèyàn 8 dìbò: 6 ní bẹ́ẹ̀ kọ́, 2 ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ní 7 ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹyọ 1 péré ló sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ò rí i pé ojú lásán ò lè mọ káàdì tó bàjẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bà jẹ́.

Ohun tó yọ Volusia ni pé orí ìwé làwọn èèyàn ti dìbò, ẹ̀rọ kàn ń kà á ni. Ìwé ṣì wà nínú àpótí. Wọ́n tú u jáde, wọ́n fi ọwọ́ ka gbogbo ẹ̀.

Èmi ò ní ìwé kankan. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo mú bíró, mo lọ bá àbúrò màmá àgbà. Ìlà mọ́kànlá ni wọ́n rántí. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.