Láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ kàwé nílùú ọba, ọkọ̀ ojú omi Aureol ló wọ̀ ní Àpápá. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ni ọkọ̀ náà ń lò kó tó gúnlẹ̀ sí Liverpool. Ìyá wa kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ ọ̀nà oko: Takoradi, Freetown, Las Palmas. Bí a bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, á ní, "Ó yẹ kí wọ́n ti kọjá Takoradi báyìí o," á sì gbàdúrà fún un dé èbúté tó kàn. Gbogbo agbo ilé la jọ rin ìrìn àjò náà.

Bàálù ti ń fò láti Ìkẹjà nígbà náà, àmọ́ àwọn tí apá wọn ká a ló ń wọ̀ ọ́. Èyí tí BOAC, ilé iṣẹ́ bàálù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń lò lẹ́yìn ogun Hitler kò lè gbé epo tó máa gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù láìdúró. Á kọ́kọ́ bà sí Kánò, á sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà dé Tripoli, kó tó kọrí sí Yúróòpù. Ní Kánò, ọkùnrin kan ń bẹ lórí ràkúnmí tó ń fun kàkàkí láti fi kí àwọn èrò káàbọ̀.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni VC10, bàálù tuntun BOAC, kọ́kọ́ kó èrò, ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó yìí gan-an ni wọ́n sì fi ṣí i. Orí wa wú. Ooru ilẹ̀ wa máa ń sọ afẹ́fẹ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọkọ̀ á sáré títí kó tó gbéra. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe VC10. Ìdí ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, ẹ̀yìn ni ariwo wọn sì ń wà. Nígbà tí èmi náà wọ̀ ọ́, níwájú tí mo jókòó sí, mò ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan àwo.

Lónìí, nǹkan bí 5,000 kìlómítà náà ni, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ sí méje. Àríwá ló kọjú sí, kò fi bẹ́ẹ̀ yà, ìdí nìyẹn tí aago wa àti ti Lọ́ńdọ̀nù fi ń bára mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa ará ilé kò mọ ọ̀nà náà mọ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi á gbéra lálẹ́, n ó sùn, ilẹ̀ á mọ́, fóònù á dún: "Bàbá, a ti dé o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ kí ni wọ́n rí? Sàhárà nìkan ń gbà tó wákàtí méjì lábẹ́ wọn. Èyí tó bá wọ ọkọ̀ ọ̀sán nínú wọn, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó jókòó ti fèrèsé, kó má fa ìbòjú rẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀kan gbọ́. Ó ní òun rí iyanrìn pupa, òun rí òkè dúdú, òun sì rí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Tripoli tí ẹ máa ń sọ ńkọ́, Bàbá?" Mo ní Àlùjíríà ni tiwọn ń gbà báyìí.