Ìka Síńkì àti Àrùn Fòníkú-Fọ̀ladìde

Díẹ̀ ni agboolé tí kò mọ fòníkú-fọ̀ladìde ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tí àrùn yìí pa ni a kà sí àbíkú. Àbúrò mi obìnrin jẹ́ SS, èmi sì jẹ́ AS, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan fún mi.

Ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ọbáléndé, tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi ní Ìkòyí níbí, bi mí pé, “Tíṣà, wọ́n ní òyìnbó ti rí oògùn àrùn ọmọ mi. Ṣé kí n ta ilẹ̀ mi ni?” Mo ní, “Màmá, ẹ fara balẹ̀ ná.”

Ìwé kan wà nínú ara wa tí à ń pè ní DNA. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni ábídí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gùn tó bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó ṣì níbẹ̀ ló ń fa SS, bí àmì ohùn kan ṣe ń sọ ọkọ̀ di ọkọ́. Horo pupa inú ẹ̀jẹ̀ á wá tẹ̀ bí dòjé, á há sínú iṣan, ìrora á dé.

Báwo ni a ó ṣe rí ojú ibi kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ní 1985, Aaron Klug, tó dàgbà ní Durban, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge ń yẹ púrótéènì kan wò láti ara ọ̀pọ̀lọ́ inú omi ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n rí i pé ó ní ọ̀wọ́ ìka kéékèèké tí ń di DNA mú, síńkì ló sì mú ìka kọ̀ọ̀kan dúró (síńkì tí wọ́n fi ń bo páànù òrùlé wa náà ni). Ìka kan ń ka lẹ́tà mẹ́ta. To mẹ́fà pọ̀, yóò ka 18, èyí tó láti ya ibi kan ṣoṣo sọ́tọ̀. Ní 1994, wọ́n ti rọ ìka tó ń mọ ibi tí wọ́n fúnra wọn yàn; ní 1996, àwọn ará Amẹ́ríkà so ọ̀bẹ mọ́ ọn.

Kì í ṣe lẹ́tà tó ṣì ni wọ́n ń gé fún SS o. Ọmọ inú oyún ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tí kì í tẹ̀ bí dòjé. Lẹ́yìn ìbí, ara á tì í pa. Àgádágodo yẹn ni wọ́n ń gé, kí ẹ̀jẹ̀ ìkókó lè tún jáde. Wọ́n ti fi ìka síńkì dán an wò ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n CRISPR, tó jáde ní 2012, ló gba iwájú: amọ̀nà RNA ló ń júwe ọ̀nà fún ọ̀bẹ tirẹ̀, ó sì rọrùn láti kọ amọ̀nà ju kí a rọ ìka lọ. Jimi Olaghere, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Amẹ́ríkà, gbà á ní 2020. Ìlú Ọba fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá 2023, Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá. Casgevy ni orúkọ rẹ̀. Nínú aláìsàn 31 tí wọ́n ṣọ́ pẹ́ tó, 29 ló lo ọdún kan ó kéré tán láìní ìrora líle.

Iye rẹ̀ ńkọ́? Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á sì kọ́kọ́ fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn inú eegun aláìsàn, èyí tó lè má jẹ́ kí ó bímọ mọ́. “Ilẹ̀ yín kò tó o, màmá,” ni mo wí, “ẹ má sì tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní i nínú ìgò.”

Mo ní kí ó bi dókítà nípa hydroxyurea, kápúsù kan tí òun náà ń ṣí ẹ̀jẹ̀ ìkókó sílẹ̀ díẹ̀, láìgé ohunkóhun. Kì í wo àrùn náà sàn tán, a sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó wò. Àbúrò mi ti ń lò ó fún ọdún mẹ́ta. Ó ń ta aṣọ ní Balógun, kò sì sùn sílé ìwòsàn láti ọdún tó kọjá.