Ìṣirò Tí Mo Ń Ṣe Láì Mọ Ìdí Rẹ̀

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí kì í ṣe ti owó tó wọlé tàbí ti àìsàn tó lọ. Ẹ̀rí ìṣirò ni. Ìyọkúrò tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ń ṣe ni mo ti ń ṣe láti kékeré, tí mo sì ń gbà á, láì mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ní kí n lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni àṣírí náà tú sí mi lọ́wọ́. Mo ń sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Minna ni wọ́n bí mi sí. Kí ogun àgbáyé kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ni ojú irin tó ti Èkó wá ti pàdé èyí tó ti Baro lọ sí Kano ní ìlú yìí, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá sì bá iṣẹ́ rélùwéè débẹ̀, wọn ò padà mọ́. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni tiwa. Yorùbá là ń sọ nílé, Hausa là ń sọ ládùúgbò, Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ ní kíláàsì.

Kí n sọ òótọ́, n kò fẹ́ ṣe tíṣà. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, ṣùgbọ́n máàkì mi ò tó. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Niger tó wà nílùú wa, kí n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní NCE ná, kí n wá fi wọ yunifásítì. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo bọ́ sí. Ojú ń tì mí. Bí àwọn ojúgbà mi bá béèrè ohun tí mò ń kọ́, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn. Nílé, bí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní èrè tíṣà, ọ̀run ló wà. Èmi náà sì gbà lọ́kàn mi pé ẹni tó ń kọ́ ọmọ kékeré kò nílò ìmọ̀ púpọ̀. Bí èèyàn bá ti lè ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀, tó sì lè pariwo mọ́ ọmọ, kí ló tún kù?

Ní ọdún kẹta, àsìkò tó tí wọ́n máa ń rán àwa akẹ́kọ̀ọ́ NCE jáde láti lọ fi iṣẹ́ kọ́ra. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní agbègbè Tunga ni wọ́n rán mi lọ, ní kíláàsì kẹta. Àwọn ọmọ inú rẹ̀ lé ní ọgọ́ta, mẹ́ta-mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì kan: ọmọ Nupe, ọmọ Gbagyi, ọmọ Hausa, ọmọ Ibo, àti ìwọ̀nba ọmọ Yorùbá. Ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Nupe ló ni kíláàsì náà. Hajiya ni gbogbo wa ń pè é. Ó fún mi ní ṣọ́ọ̀kì, ó lọ jókòó sẹ́yìn.

Mo ti kọ ètò ẹ̀kọ́ mi dáadáa. Mo kọ T àti U sókè pátákó, T fún ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá, U fún ẹyọ. Mo kọ 52, mo kọ 27 sábẹ́ rẹ̀. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tèmi: a ò lè yọ 7 kúrò nínú 2, ẹ lọ yá 1 lọ́wọ́ 5 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 5 ti di 4, 2 ti di 12. Mo ní, “Ṣó yé yín?” Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ó yé wa, Anti!” Mo fún wọn ní tiwọn láti ṣe sínú ìwé, ọ̀kan náà sì wà níbẹ̀ fún àtúnṣe: 52 yọ 27.

Nígbà tí mo gba ìwé wọn, 35 ni mo rí. Mo ṣí òmíràn, 35. Ìdajì kíláàsì kọ 35, nígbà tó jẹ́ pé 25 ni ìdáhùn. Mo fa bírò pupa yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì X sí i. Hajiya dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó wo ìwé náà, ó fi Hausa sọ fún mi pé:

“Ọmọ mi, gbé bírò yẹn sílẹ̀ ná. Bí ọmọ kan bá ṣì í, ó lè jẹ́ pé kò fetí sílẹ̀ ni. Bí ìdajì kíláàsì bá ṣì í síbì kan náà, ọgbọ́n kan ni wọ́n jọ ń dá. Lọ wádìí ọgbọ́n ọ̀hún.”

Mo pe ọmọbìnrin kan lára wọn, mo ní kó sọ fún mi bó ṣe rí 35. Kò tiẹ̀ bẹ̀rù. Ó ní wọ́n ti kọ́ àwọn pé kékeré là ń yọ kúrò nínú ńlá. Nínú 7 àti 2, 7 ló tóbi. Ó yọ 2 kúrò, ó ku 5. Nínú 5 àti 2, ó ku 3. Ìdáhùn rẹ̀, 35. Ó sì wò mí bí ẹni tó ń retí kí n yìn ín.

Mo rí i pé ọmọ yìí kò sùn, kò sì ya olódo. Òfin tí wọ́n kọ́ ọ nígbà tí ìṣirò ṣì rọrùn ló ń tẹ̀lé. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, John Seely Brown àti Richard Burton, ti kọ̀wé nípa irú èyí láti 1978: àṣìṣe ọmọdé nínú ìyọkúrò ní ètò tirẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ètò náà lè mọ ohun tí ọmọ máa kọ kó tó kọ ọ́. Yíyọ kékeré kúrò nínú ńlá láìwo èyí tó wà lókè wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù. Hajiya kò ka ìwé wọn. Inú kíláàsì ló ti kà á.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ọmọ náà ìdí tí a fi ń yá 1. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Báwo ni 1 tí a yá ṣe di 10 nígbà tó dé ọ̀dọ̀ 2? Ta ló fún wa láṣẹ láti mú un? Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, “Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.” Mo gba ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá, mo ṣe JAMB, mo jókòó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún méjì, n kò sì lè dá ọmọ ọdún mẹ́jọ lóhùn lórí 52 yọ 27.

Obìnrin ará Ṣáínà kan wà tó ń jẹ́ Liping Ma. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé nígbà tí kò tíì ju ọ̀dọ́langba lọ. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1999, ó bi olùkọ́ 23 ní Amẹ́ríkà àti 72 ní Ṣáínà léèrè nípa ìṣirò ọmọdé, ìyọkúrò yìí gan-an ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló lè ṣe ìṣirò náà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ti Amẹ́ríkà kò lè sọ ju pé kí a lọ yá 1, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn ti Ṣáínà ṣàlàyé pé ìdì mẹ́wàá kan la tú. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yìí, ó dà bíi pé orúkọ mi ni wọ́n pè.

Ní ọjọ́ kejì, mo bi àwọn ọmọ náà léèrè ta ló máa ń bá ìyá rẹ̀ tajà. Ọwọ́ nà sókè rẹpẹtẹ. Ọmọkùnrin kan ní píọ́ wọ́tà lòun máa ń tà ní oríta Kpakungu bí àwọn bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́. Mo ní, “Bó bá ku àpò méjì lọ́wọ́ rẹ, pẹ̀lú ẹyọ mẹ́ta tó wà níta, tí awakọ̀ kan wá fẹ́ méje ńkọ́?”

Ó ní, “Anti, màá já àpò kan.”

Kò sọ pé òun máa yá. Ó máa já àpò ni. Ogún ẹyọ ló wà nínú àpò kan, ogún-ogún náà sì ni àwọn baba ńlá wa fi ń ka nǹkan tiwọn. Mo ní kó máa bá a lọ. Ó ní bí òun bá já àpò kan, ẹyọ tó wà níta á di 23. Bí awakọ̀ bá gba méje, á ku 16 níta àti àpò kan tí òun ò tíì já. Mo kọ ọ́ sójú pátákó: 43 yọ 7, ó ku 36. Kò sí ohun tó pòórá nínú omi náà, kò sì sí ohun tó wọlé kún un. Ó kàn tú ohun tó wà nínú àpò ni. Ọmọ tí n kò rò pé ó mọ ìṣirò ń ṣe é láàárín ọkọ̀ lójoojúmọ́.

Mo ti gbé ìjá ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wá láti ilé. A dì wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, a fi rọ́bà so wọ́n. Ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì ni 52. Mo ní kí wọ́n yọ 27 fún mi. Wọ́n wo ẹyọ méjì, wọ́n wo méje, láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀, wọ́n já rọ́bà kúrò lára ìdì kan. Ẹyọ di 12. Wọ́n yọ 7, ó ku 5. Ìdì tó kù jẹ́ mẹ́rin. Wọ́n yọ méjì, ó ku méjì. Ọmọbìnrin tó kọ 35 lánàá ka ìjá ọwọ́ rẹ̀, ó rí 25, kò gbà. Mo ní kó gbé 35 àti 27 pọ̀ kó wò ó bóyá ó máa jẹ́ 52. Ó kà á di 62. Òun fúnra rẹ̀ ló gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ mi, tó pa 35 rẹ́.

Hausa ni mo fi kọ́ wọn lápá kan, mo sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì gbè é. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí olùkọ́ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì wá wò mí, nítorí mo rò pé ó máa gé máàkì mi. Kò gé e. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa tó jáde ní 1977 ti sọ nígbà náà pé èdè àdúgbò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Kí ìlànà yẹn tó jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bí ọmọkùnrin onípíọ́ wọ́tà yẹn bá ní láti wá Gẹ̀ẹ́sì kó tó lè sọ pé òun máa já àpò, bóyá n kò ní gbọ́ ọ láé.

Mi ò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ yọrí. Nígbà tí a dé 300 yọ 148, ọ̀pọ̀ ọmọ tún dàrú. Kò sí ẹyọ níta, kò sí ìdì mẹ́wàá, ìdì ọgọ́rùn-ún mẹ́ta nìkan ló wà nílẹ̀. A tú ìdì ọgọ́rùn-ún kan, ó di ìdì mẹ́wàá mẹ́wàá. A mú ọ̀kan nínú wọn, a tú u sí ẹyọ, mẹ́sàn-án sì kù. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí 9 tí mo máa ń kọ sókè òdo ti ń wá nìyẹn. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ń kọ ọ́ láti bí ọdún mẹ́wàá. Àwọn kan lóye rẹ̀, àwọn mìíràn ò tíì lóye rẹ̀ títí mo fi padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Hajiya ló kù láti bá wọn parí rẹ̀.

Mo ti gba NCE mi. Mo tún kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo sì fi ṣe àkọ́kọ́. Èmi ni mo mú un lọ́tẹ̀ yìí, ojú ò sì tì mí láti dárúkọ rẹ̀ fẹ́nikẹ́ni. Irọ́ ni pé ìmọ̀ kékeré tó fún ọmọ kékeré. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní yunifásítì lè rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ti mọ ìpìlẹ̀. Ẹni tó wà ní kíláàsì kẹta ni ìpìlẹ̀ ọ̀hún wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìjọba tó ń gba tíṣà síṣẹ́, ẹ má fi kíláàsì àwọn ọmọdé ṣe ibi tí ẹ ń kó ẹni tí kò ríbi lọ sí. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gba X, ẹ béèrè bó ṣe rò ó kí ẹ tó bá a wí. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ NCE tó ń lọ fi iṣẹ́ kọ́ra, mú ìṣirò tó rọrùn jù tí o máa kọ́ wọn, kí o sì kọ́kọ́ bi ara rẹ ní ìdí rẹ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, wádìí rẹ̀ kí o tó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.