Ojú Tí Ó Ṣókùnkùn Láìdunni

Bí a ti ń dúpẹ́ oore Ọlọ́run lórí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ọdún àjọ̀dún yìí, àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ mọ̀ pé ọjọ́ orí wa pẹ̀lú ti ń ga. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ohun tí a rí lára ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa tí ó ti fẹ̀yìntì sí Ìkọ̀tún.

Wọ́n jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ojú ọ̀tún wọn kò ríran mọ́. Kò dùn wọ́n, kò pọ́n, kò sì ṣomi. Nítorí pé kò dùn wọ́n, wọ́n ra oògùn ìkán-sójú, wọ́n sì dúró fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí a sìn wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ó ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ kò dé orí iṣan tí ń gbé ìran láti inú ojú lọ sí ọpọlọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru láìmọ̀.

Iṣan yìí dà bí òwú fìtílà. Fọ́nrán inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù kan, ẹ̀jẹ̀ sì ni epo wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá, orí iṣan náà sábà máa ń wú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wíwú náà a rọlẹ̀, ibẹ̀ a sì funfun. Ìrọlẹ̀ yẹn kì í ṣe ìwòsàn: fọ́nrán tí ó ti kú kì í hù mọ́, awò ojú kò sì lè dá a padà.

Kí wá ni ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yára? Ojú kejì wà nínú ewu, ọpọlọ pẹ̀lú sì wà nínú ewu. Ohun tí ó dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lójú lónìí lè dí i nínú ọpọlọ lọ́la, kí ó sì di àrùn rọpárọsẹ̀. Kódà bí ojú bá ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó sì tún là, ìkìlọ̀ ni. Ilé ìwòsàn ìjọba wà nítòsí wa ní Ìgándò. Ibi ìtọ́jú ojú sì wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà.

Ojú òsì olùkọ́ wa ṣì ń ríran, wọn kì í sì í fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ṣeré.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá pé jọ fún ìsìn ìdúpẹ́, ẹ jẹ́ kí a tẹ́ tábìlì kan sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, kí nọ́ọ̀sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo ẹni tí ó bá wọlé. Ọgbọ́n ni kí a bu epo sí fìtílà kí ó tó kú.