Ife Kan Náà, Ọtí Ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin aya ilé, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé èmi tí mo ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé fẹ́ sọ̀rọ̀ ọtí líle lónìí. Ọ̀rọ̀ ilé náà ni.

Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, mo sì bá a nínú ìrònú. Ọkọ rẹ̀ kì í mu ju ife wisikí kan lọ lálẹ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n ní Sátidé mẹ́ta léraléra, ó sùn lọ sórí àga kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀.

"Bóyá ó ń mu ún ní kọ̀rọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Tàbí ọtí olówó pọ́ọ́kú tí ó ń rà báyìí ni kò dára. Àbúrò mi, bá mi tọ́ ọ wò."

Mo kọ́kọ́ ka ara ìgò náà. Bourbon ni. Òfin wọn ni pé àgbàdo kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 51 nínú 100 ọkà tí a fi pọn ọ́n, àgbá igi oak tuntun tí a fi iná jó nínú ni a sì gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sí. Wọ́n kọ "bottled in bond" sí i lára. Òfin ọdún 1897 ni ó bí ọ̀rọ̀ yẹn: ilé ìpọntí kan ṣoṣo ni ó ṣe é láàárín sáà kan, ó ti lo ọdún 4 ó kéré tán nínú àgbá, ìdajì ohun tí ó wà nínú ìgò gẹ́lẹ́ sì ni ọtí pọ́nńbélé. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayédèrú.

Mo da ìwọ̀n ṣíbí kan sínú ife. Ẹ má ti imú bọ irú ọtí bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀. Yóò ta yín. Mo la ẹnu díẹ̀, mo sì gbé ife jìnnà sí imú: òórùn ṣúgà tí iná jó, lẹ́yìn náà fànílà. Ní ẹnu, ó dùn bí àádùn tí a fi oyin pò, kí ó tó ta ahọ́n bí ata. Kànáfùrù àti ìkorò igi díẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn. Mo kán omi sí i, títa náà rọ̀, adùn sì yọ. Kí n má purọ́, ó dára ju àwọn olówó gọbọi kan tí mo ti tọ́ wò níbi àsè lọ.

Kí ni ó wá ń kun Bọ̀dá lóorun? Mo bu omi kún ife rẹ̀, mo sì dà á sínú ife ìdíwọ̀n tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣe àkàrà òyìnbó. 100 mílílítà! (Ìyẹn nìkan ti pọ̀ jù.) Wisikí rẹ̀ àtijọ́, tí ó jẹ́ ìdá 40 nínú 100, ń fún un ní 40 mílílítà ọtí pọ́nńbélé. Èyí ń fún un ní 50, inú òfìfo ni ó sì ń dà á sí. Ife kan náà ni ó ṣì ń mu. Kò mu ohunkóhun ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò ti bá ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé yẹn, oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó wá gbé ife ìdíwọ̀n wá, 40 mílílítà péré nínú rẹ̀, pẹ̀lú omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ̀dá wo ife, ó wò mí.

"Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì nìyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.