Láti Punt Road dé MCG: Bí Ẹkùn Richmond Ṣe Yí Ìrìn Padà

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Richmond, ní ìlú Melbourne lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí pápá ìṣeré méjì. Èyí tó kéré ni Punt Road Oval, níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ Richmond, tí wọ́n ń pè ní Ẹkùn, ti ń ṣe ìdánrawò. Èyí tó tóbi ni Melbourne Cricket Ground, tí tọmọdé-tàgbà ìlú náà ń pè ní MCG, tó ń gba nǹkan bí 100,000 ènìyàn. Láti ọ̀kan dé èkejì, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, lábẹ́ igi ọgbà Yarra Park.

Ìrìn náà kúrú lẹ́sẹ̀, ó gùn lọ́kàn. Richmond gba ife ẹ̀yẹ líìgì ní ọdún 1980. Ọdún 37 kọjá kí wọ́n tó tún gba òmíràn. Mo wà ní Melbourne ní ọdún 2017 tí ìdúró náà dópin, bí ìṣeré wọn sì ṣe yí padà kí ìpele àṣekágbá tó dé ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Àwọn igi àtijọ́ kan wà ní Yarra Park tí àpá ńlá wà lára wọn. Àwọn Wurundjeri, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé, ló bó èèpo wọn láti fi ṣe ohun èlò. Lẹ́bàá pápá ńlá náà ni ère kan wà tó ń rántí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Scotch College àti Melbourne Grammar gbá ní ọdún 1858, tí Tom Wills wà lára àwọn rẹfirí rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ òfin eré náà sílẹ̀. Àdúgbò Richmond fúnra rẹ̀ wà ní òdìkejì Punt Road. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ni nígbà kan: wọ́n ń ṣe awọ, wọ́n ń rán ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ṣe ìṣáná. Lónìí, ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ló kún òpópónà Swan Street, àwọn ará Vietnam sì ta oúnjẹ tiwọn lọ rẹrẹ lójú Victoria Street. Owó ilé ti gbówó lórí níbẹ̀, síbẹ̀ àwọ̀ dúdú àti yẹ́lò Ẹkùn kò kúrò lára fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù tiwa nìkan yóò kọ́kọ́ dààmú bó bá rí bọ́ọ̀lù tiwọn. Pápá rẹ̀ ṣe róbótó-gbọọrọ bí ẹyin, bọ́ọ̀lù náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn 18 ló ń ṣojú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù mú, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ jù ú: ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ta á, tàbí kí wọ́n fi ìkúùkù gbá a sí ẹnì kejì. Ẹni tó bá ń gbé e sáré gbọ́dọ̀ máa fi kan ilẹ̀ ní mítà 15 sí mítà 15. Ẹni tó bá gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n ta láti ibi tó jìnnà tó mítà 15, tí kò jẹ́ kó bọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi ta tirẹ̀. Òpó mẹ́rin ló wà ní ìpẹ̀kun pápá. Àárín méjì inú jẹ́ àmì 6. Ẹ̀gbẹ́ jẹ́ àmì 1. Kò sí ọ́fúsáìdì níbẹ̀. Ní ọdún 2017, ibi tó bá wu ikọ̀ ni wọ́n lè to àwọn ènìyàn wọn sí, nítorí náà bí ikọ̀ kan ṣe ń tò lórí pápá ń fi ohun tí wọ́n gbà gbọ́ hàn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ikọ̀ 18 ló wà nínú líìgì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 22 láti oṣù Kẹta títí dé ìparí oṣù Kẹjọ. Mẹ́jọ tó wà lókè tábìlì ló wọ ìpele àṣekágbá, tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní oṣù Kẹsàn-án. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín àkókò méjèèjì. Nígbà líìgì, ikọ̀ tó lágbára a máa pàdé aláìlera, àyè a sì máa gbà á láti ta bọ́ọ̀lù tó dùn ún wò. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá dé, kò sí aláìlera mọ́. Àyè á fún. Ẹni tó ti ń gba bọ́ọ̀lù wọ́ọ́rọ́wọ́ láti oṣù Kẹrin yóò rí i pé apá ẹlòmíràn ti wà lọ́rùn òun kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀.

Ohun tó ti pa Richmond nìyẹn. Ní ọdún 2013, 2014 àti 2015, wọ́n wọ ìpele náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti lé wọn dànù nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bọ́ọ̀lù ìfarabalẹ̀ ni wọ́n ń gbá: ta á síhìn-ín, ta á sọ́hùn-ún, má jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ní ọdún 2016, èyí pàápàá dẹnu kọlẹ̀. Ipò 13 ni wọ́n wà, Sydney sì fi àmì 113 nà wọ́n nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn ọdún. Àwọn kan dìde pé kí wọ́n yọ ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ náà. Ìgbìmọ̀ dúró, wọn kò sì lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Damien Hardwick, tó ti wà lórí àga láti ọdún 2010.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Hardwick wo ẹ̀yìn. Ó gba olùrànlọ́wọ́ tuntun, lára wọn ni Justin Leppitsch àti Blake Caracella, ó sì dín òfin tó ń kó lé àwọn agbábọ́ọ̀lù lórí kù. Nínú ọdún 2017, àwọn agbábọ́ọ̀lù a máa dìde níwájú ara wọn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, wọn a sọ ìtàn ìyà tó ti jẹ wọ́n, ẹni tí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, àti ọjọ́ tí ayọ̀ wọn kún. Ó lè dà bí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìṣeré tuntun tí wọ́n fẹ́ gbá nílò rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá máa fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ láti sáré lọ dí ọ̀tá gbọ́dọ̀ gbà pé ẹlòmíràn yóò bo ẹ̀yìn òun.

Ìṣeré tuntun náà kò nira láti ṣàlàyé. Kí bọ́ọ̀lù máa lọ síwájú, ọ̀nà yòówù kó gbà: bó ṣe ìkúùkù ni, bó ṣe títa lásán lórí ilẹ̀ ni. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá níwájú ilé wọn, kí wọ́n má sá padà. Kí wọ́n fún mọ́ wọn níbẹ̀ títí wọn yóò fi ṣe àṣìṣe. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn ikọ̀ mìíràn ní ọkùnrin gíga méjì tàbí mẹ́ta níwájú, tí wọ́n ń fò gba bọ́ọ̀lù lókè. Jack Riewoldt nìkan ni Richmond kù sí. Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ kúkúrú tó yára yí i ká: Daniel Rioli, ọmọ erékùṣù Tiwi, Dan Butler àti Jason Castagna. Iṣẹ́ Riewoldt di pé kó máa gbá bọ́ọ̀lù lulẹ̀ bí kò bá lè gbà á, kí àwọn kúkúrú sì bò ó bí ìjàlọ.

Ní ọjọ́ kan tí mo lọ sí MCG, ọkùnrin tó jókòó tì mí rí i pé bọ́ọ̀lù nìkan ni ojú mi ń tẹ̀ lé. Ó ní kí n yé wò ó. Kí n wo àwọn tí kò sí lọ́wọ́ wọn. Ìgbà náà ni mo rí ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò fi hàn mí. Bí ọ̀tá bá ti gbá bọ́ọ̀lù mú, dúdú àti yẹ́lò mẹ́ta ti ń sáré bọ̀ wá bá a, àwọn tó ṣẹ́kù sì ti ń sún síwájú lẹ́yìn wọn bí ẹni ń ká àwọ̀n.

Kì í ṣe òjijì ni ọ̀nà náà là. Wọ́n borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ ọdún náà, lẹ́yìn èyí ni Adelaide fi àmì 76 nà wọ́n. Wọ́n tún pàdánù mẹ́ta tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àmì 5, àmì 2 àti àmì 3. Ní oṣù Keje, mo wà ní pápá Docklands ní alẹ́ tí St Kilda fi àmì 67 lù wọ́n. Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ padà, ìyá àgbà kan jókòó tì mí, ó so sikáàfù ọkọ rẹ̀ mọ́rùn. Ó sọ fún mi pé ọkọ náà ti kú, pé òun ń bá a wo ìyókù ni. Kò bínú, kò sì sunkún. Ó kàn sọ pé irú alẹ́ báyìí kò ṣàjèjì sí òun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ ti máa ń bẹ̀rù tí wọn yóò padà sí ti àtijọ́ nìyẹn. Richmond kò padà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje ló kù; wọ́n borí nínú mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ méjì kí líìgì tó parí ni wọ́n tún ki ọwọ́ bọ àpò, tí wọ́n mú Jacob Townsend jáde láti inú ikọ̀ kejì. Iwájú ni wọ́n fi í sí, kó máa lé àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ọ̀tá kiri. Góòlù 6 ló gbá wọlé Fremantle ní ọjọ́ tí wọ́n fi àmì 104 borí, ó sì tún gbá 5 wọlé St Kilda ní ọ̀sẹ̀ kejì. Jack Graham, ọmọ ọdún 19, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù líìgì nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Báyìí ni ìṣeré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ṣe pé pérépéré ní ẹnu ọ̀nà ìpele àṣekágbá. Ipò kẹta ni wọ́n fi wọlé.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó pàdé wọn. Geelong kó àmì 40 péré. Richmond fi 51 borí wọn. Greater Western Sydney kó 67. Richmond fi 36 borí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì wáyé ní MCG, èrò tó lé ní 90,000 sì ń pariwo lórí gbogbo ìgbà tí ọ̀tá bá kó sọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ó ku Adelaide, ikọ̀ tó ti fi 76 nà wọ́n, tó wà lókè tábìlì, tí kò sì sí ẹni tó kó àmì tó wọn ní ọdún náà. Adelaide ló ṣíwájú ní ìdá kìn-ín-ní. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Nígbà tí fèrè dún, àmì 108 sí 60 ni. Graham, tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ karùn-ún nìyẹn láyé, gbá góòlù 3 wọlé. Dustin Martin gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó tayọ ní ọjọ́ náà, lẹ́yìn tó ti gba ti gbogbo ọdún ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Kò sí ẹni tó ti kó méjèèjì pọ̀ rí.

Èmi kò rí tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà Swan Street ni mo wà. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn tó wà nínú ilé ọtí ti jáde sójú títì. Rélùwéè tramu kò lè kọjá. Mo rí baba kan tó gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká, tí ó ń sunkún tí kò nu ojú, ọmọ náà sì ń fi ọwọ́ bá a nù ún. Mo ronú kan ìyá inú ọkọ̀ ojú irin, mo sì fi ojú wá sikáàfù kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún sikáàfù.

Richmond tún gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 2019 àti 2020. Àwọn ikọ̀ mìíràn wò wọ́n kọ́ ìlàjì rẹ̀, wọ́n sì wá oògùn sí ìlàjì yòókù. Hardwick fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 2023, nígbà tí ọdún 2024 sì parí, Ẹkùn ló gbé ìsàlẹ̀ tábìlì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èyí tó gbé wọn dé MCG lọ́jọ́ kan kò lè máa gbé wọn débẹ̀ títí láé.

Bí ẹsẹ̀ yín bá dé Melbourne, ẹ yà ní Punt Road kí ẹ tó lọ sí pápá ńlá. Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ nù, kí ẹ sì wo bóyá yóò dúró gbé ọwọ́ lé ìbàdí, tàbí yóò yí padà sáré. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá oṣù Kẹsàn-án tún ń bọ̀ fún wọn.