Ojú Irin Ìlarò

Ìlúpéjú, Èkó.
Oṣù Kọkànlá, 2024.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ ti ń ṣètò ibi tí wọn yóò mú ọ lọ tí o bá dé ní ìparí ọdún. Èmi ò bá wọn du ọjọ́ rẹ, ọjọ́ kan péré ni mo tọrọ. Mo fẹ́ kí èmi àti ìwọ lọ rìn lórí ojú irin tó ti Ìfọ̀ yà lọ sí Ìlarò, èyí tí ọkọ̀ ò gbà mọ́. A ò ní kánjú. Ibi tí oòrùn bá ti mú wa, a ó jókòó.

Múṣin ni a ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù tó kọjá. Yóò gbé wa gba Òṣòdì, Ìkẹjà, Agége àti Ìjú dé Àgbàdo, a ó wá wọ mọ́tò lọ sí Ìfọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ yóò fẹ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ rí ìyá, ìyẹn ojú irin ńlá, kí o tó rí ọmọ, ìyẹn ẹ̀ka Ìlarò. Ìpa ọ̀nà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í là ní 1896, tó dé Ìbàdàn ní ìparí 1900, tí wọ́n sì ṣí ní oṣù Kẹta 1901, òun náà ni ọkọ̀ tuntun yìí ń bá lọ.

Tí a bá dé Agége, gbójú sókè díẹ̀ kúrò lára fóònù. Oko ni ibẹ̀ nígbà kan. J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbin kòkó àti obì síbẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Nígbà tí ojú irin so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní 1912, gbàǹja Agége di ọjà tí gbogbo Òkè Ọya ń rà. Àwọn Hausa tó wá ra obì nígbà náà, ọmọ-ọmọ wọn ló ṣì ń gbé àdúgbò wọn níbẹ̀ títí dòní.

Ìfọ̀ ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ fún rélùwéè, o sì mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fa ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń yí ojú irin, kí ọkọ̀ Abẹ́òkúta má baà yà sí Ìlarò, kí ti Ìlarò má baà gba Abẹ́òkúta lọ. Ó sọ fún mi nígbà kan pé tí òun bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, òórùn kòkó gbígbẹ ni òun fi máa ń mọ̀ pé ọkọ̀ Ìlarò ń bọ̀, kí òun tó rí iná orí rẹ̀. Òórùn kòkó yẹn ni gbogbo ìdí tí wọ́n fi la ẹ̀ka náà. Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa báyìí, kún fún kòkó, ẹyìn àti obì, ẹrù wọn sì gbọ́dọ̀ dé etí òkun. Ẹ̀ka náà kọjá Ìlarò, ó lọ parí sí Ìdógò.

Lọ́rì ló pa ẹ̀ka náà. Lọ́rì lè wọ abúlé lọ gbé àpò kòkó lẹ́nu ilẹ̀kùn àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ò sì lè kúrò lórí irin. Bí títì ṣe ń dára sí i ni ẹrù ń dín kù ní tíṣàn, títí kò fi sí mọ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Yewa ti rìn díẹ̀ níbẹ̀ láti apá Ìlarò. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé orókún mi ò dùn mí. Ọkọ̀ ojú irin ò lè gun òkè tó ga ṣánṣán, nítorí náà ibi tí ilẹ̀ ti ga, wọ́n gé e. Ibi tó ti jìn, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ kún un. Ibi tí wọn ò lè gé, wọ́n rọra yí i po. Ọ̀nà tí wọ́n fún ẹ̀rọ ni, ó sì wá bá arúgbó lára mu. Níbi tí wọ́n ti gé ilẹ̀, ara yẹ̀pẹ̀ pupa náà ga ju orí wa lọ lọ́tùn-ún lósì, ó tutù níbẹ̀, àwọn ẹyẹ sì ń ké. Bí a ti jáde síta, oko ẹ̀gẹ́ ni, igi ọ̀pẹ, kòkó díẹ̀ lábẹ́ àwọn igi ńlá. Ewé Akíntọ́lá ti bo ibòmíràn tó fi jẹ́ pé àdá ni ọ̀rẹ́ mi fi là á. Irin ṣì wà lábẹ́ koríko níbì kan. Níbòmíràn, wọ́n ti hú u lọ tà.

Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí, nítorí pé kì í rọ̀ bí ọ̀nà oko nígbà òjò. Wọ́n kí wa, wọ́n bi wá bóyá ìjọba ló rán wa. A ní rárá, ìrìn ni a wá rìn. Ọ̀kan nínú wọn dúró, ó sì ń fi ọwọ́ hàn wá ibi tí èrò ti máa ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí òun wà ní kékeré, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà, ibi tí wọ́n ń to àpò kòkó sí. Ibi tó ń nà sí yẹn, koríko nìkan ni mo rí. Àjọkẹ́, èyí ni mo fẹ́ kí o gbọ́ kí irú ìyá yẹn tó tán.

Mi ò sọ pé kí wọ́n dá ọkọ̀ padà síbẹ̀. Red Line ló yẹ kí owó ìlú lọ sí, nítorí ibẹ̀ ni èrò wà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò gbà mọ́ kì í pẹ́ di ilẹ̀ tí wọ́n tà. Tíráàmù tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1902, tó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1933, ta ló lè fi ojú ọ̀nà rẹ̀ hàn ọ́ lónìí? Kí wọ́n gé koríko Ìlarò, kí wọ́n tún tíṣàn rẹ̀ ṣe, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹsẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìlarò ò jìnnà síbẹ̀, àwọn tó ń wá síbi ọdún Orónà náà lè rìn ín.

Ìdí nìyí tí ohun tí o sọ fún mi nípa Parkland Walk ní Lọ́ńdọ̀n kò fi kúrò lọ́kàn mi. O ní ọ̀nà irin ni, pé ọkọ̀ èrò kúrò níbẹ̀ ní 1954, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀nà ẹsẹ̀ ní 1984. Ọgbọ̀n ọdún ló wà láàárín ìgbà méjèèjì yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀. Bá mi wádìí kí o tó bọ̀: ta ló kọ́kọ́ dìde pé kí wọ́n má kọ́lé síbẹ̀? Ta ló ń gé koríko rẹ̀, ta ló sì ń sanwó? Kọ ọ́ sínú ìwé fún mi. Mo fẹ́ mú un lọ bá àwọn àgbà Ìlarò lọ́jọ́ tí a bá lọ, kí ìwọ fúnra rẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Ra bàtà tó le, má wọ ṣòkòtò péńpé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.